Ìbejì Tí Kò Pé Oṣù: Iṣẹ́ Òbí Láti Ẹnu Ọ̀nà Wọ́ọ̀dù Títí Dé Ilé

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Bí ẹ bá ń ka èyí lórí bẹ́ńṣì ìta wọ́ọ̀dù, tí bátìrì fóònù yín ti fẹ́ kú, ẹ kú ìrọ́jú. Ọjọ́ 38 ni èmi náà fi jókòó lórí irú bẹ́ńṣì bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 31 ni oyún mi wà tí omi fi já nílé wa ní Kàbà, ìpínlẹ̀ Kogí. Táyé wọn kìlógíráàmù 1.4, Kẹ́hìndé wọn 1.15. Àdìyẹ tí mo rà lọ́jà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú wúwo ju ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ.

Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí bí ẹni tó wá yá iyọ̀ nílé onílé. Mo rò pé dókítà ló ni ọmọ, àdúrà nìkan ló kù fún mi. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ló wò mí títí, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ta lẹ ń dúró dè?" Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé òbí kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Iṣẹ́ wà tí ẹ̀rọ kò lè ṣe, tí nọ́ọ̀sì kò sì ráyè ṣe. Iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ bó ṣe ń dé.

1. Bí wọn kò bá tíì bí i

Ju ìdajì àwọn ìbejì lọ ni kì í pé ọ̀sẹ̀ 37 kí wọ́n tó dé. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ fún pé méjì ló wà níbẹ̀, kó má dúró di ọjọ́ ìrọbí kó tó béèrè ibi tí yóò lọ. Láti oṣù kẹfà oyún ni kí ẹ ti pe ilé ìwòsàn tó wà lọ́kàn yín, kí ẹ bi wọ́n léèrè: Ṣé wọ́n ní wọ́ọ̀dù àwọn ìkókó tí kò pé oṣù? Ṣé ọ́síjìn àti ẹ̀rọ tó ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti mí tó fún ọmọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà? Bí NEPA bá mú iná, kí ni wọ́n ń lò?

Fún àwa ará Kàbà, Ìjùmú àti Bùnú, Lọ́kọ́ja la sábà máa ń forí lé, níbi tí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ìjọba àpapọ̀ wà. Àwọn ará Yàgbà ní ilé ìwòsàn ìjọ ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀, wọ́n sì lè ti ibẹ̀ gba ọ̀nà Ìlọrin lọ. Ẹ má fi òkìkí yan ibi tí ẹ máa lọ. Ìdáhùn tí wọ́n bá fún yín lórí fóònù ni kí ẹ tẹ̀lé.

Bí omi bá já, bí ẹ̀jẹ̀ bá hàn, bí inú bá ń le tó tún ń dẹ̀ lemọ́lemọ́, ẹ gbéra kí ilẹ̀ tó ṣú. Gbogbo wa la mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí lóru. Kò sí ọkọ̀ tó dára tó inú ìyá fún ọmọ láti fi rìnrìn àjò. Ìdí mìíràn tún wà tí kíá fi dára: bí oyún bá wà láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 34, abẹ́rẹ́ kan wà tó ń jẹ́ dexamethasone tí wọ́n máa ń fún ìyá kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lè tètè gbó, ó sì máa ń fẹ́ tó ọjọ́ kan kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Àbúrò mi kan ní Ìyàrà tó lóyún ìbejì kó ẹrù lọ sọ́dọ̀ àǹtí wa ní Lọ́kọ́ja nígbà tí oyún pé ọ̀sẹ̀ 30. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé, wọ́n ní ojo ni. Ọ̀sẹ̀ 35 làwọn tirẹ̀ dé, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ilé ìwòsàn. Ẹni tó bá rí ibi dé sí, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣe bíi tirẹ̀.

Bó bá ṣẹlẹ̀ pé wọ́n ti bí wọn síbi tí kò sí ẹ̀rọ, ẹ má fi aṣọ mẹ́fà dì wọ́n bí ẹ̀kọ sẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ nu wọ́n gbẹ, ẹ dé wọn ní fìlà, ẹ wọ páńpásì nìkan fún wọn, kí ẹ gbé ìhòòhò ara wọn lé ìhòòhò àyà àgbàlagbà, kí ẹ wá fi ọ̀já àti aṣọ bò wọ́n lókè, imú ní gbangba. Ọmọ méjì, àyà méjì: ìyá, bàbá tàbí ìyá àgbà. Báyìí ni wọ́n ṣe máa gbóná dé Lọ́kọ́ja, kódà bí tírélà sìmẹ́ńtì bá dá yín dúró ní Ọbájànà.

2. Ẹ ra ìwé kan, kí ẹ pín in sí méjì

Ìwé àkọsílẹ̀ lásán ni. Iwájú jẹ́ ti Táyé, ẹ̀yìn jẹ́ ti Kẹ́hìndé. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ kọ ìwọ̀n, iye oúnjẹ, oògùn tuntun, ohun tí dókítà sọ, àti orúkọ ẹni tó sọ ọ́. Oorun kò ní jẹ́ kí ẹ rántí ohunkóhun lọ́jọ́ kẹta, dókítà sì máa ń pààrọ̀ ara wọn.

Ẹ wo okùn ọwọ́ wọn lọ́jọ́ kìíní gan-an. "Ọmọ kìíní" àti "ọmọ kejì" ni wọ́n máa kọ síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ìyá. Bí wọ́n bá jẹ́ ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì jẹ́ kí àmì àwọ̀ wà lára àpótí kọ̀ọ̀kan. Ní tiwa, fìlà olómi aró ni ti Táyé, pupa ni ti Kẹ́hìndé, a kò sì pààrọ̀ rẹ̀ rí.

Ẹ béèrè orúkọ ohun gbogbo tó wà lára wọn. Ìńkúbétọ̀ kì í ṣe oògùn, àpótí tó ń mú ọmọ gbóná ni. Rọ́bà tó gba imú tàbí ẹnu wọ ikùn, ọmú ló ń gbà kọjá, torí pé ó máa ń tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 32 sí 34 kí ọmọ tó lè fà, kó gbé mì, kó sì tún mí láìṣàṣìṣe. Ìgò omi tó ń hó bùtùbùtù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ń ti atẹ́gùn sínú ẹ̀dọ̀fóró kó má baà pa dé. Mímí irú àwọn ọmọ yìí a máa dá dúró fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó gbàgbé. Wọ́n ń fún wọn ní kaféènì fún un, irú èyí tó wà nínú kọfí. (Ọkọ mi bi dókítà bóyá kí òun lọ po kọfí wá. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Oògùn tí wọ́n wọ̀n ni.)

Nọ́ńbà ọ́síjìn lójú ẹ̀rọ ló máa ń pa òbí láyà jù. Fún ọmọ tí kò pé oṣù tó ń gba ọ́síjìn, láàárín 90 sí 95 ni wọ́n sábà ń fẹ́ kó wà. Ẹ má bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé e dé 100. Ọ́síjìn tó pọ̀ jù lè ba ojú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jẹ́. Bí ẹ̀rọ bá ké, ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe nọ́ńbà: àwọ̀ rẹ̀ ńkọ́, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò? Kí ẹ wá pe nọ́ọ̀sì.

3. Ọmú

Èyí ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti ìyá nìkan. Kó bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí kìíní bó bá ṣeé ṣe, kó má sì kọjá wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn ìbí, ì báà jẹ́ pé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un.

Ẹ fọ ọwọ́. Ẹ fi omi gbígbóná wẹ ife tó ní ẹnu gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Ẹ fi ọwọ́ gbígbóná ra ọmú díẹ̀díẹ̀. Ẹ wá fi àtàǹpàkò sókè, ìka yòókù sísàlẹ̀, kó jìnnà sí orí ọmú tó ìwọ̀n ìka méjì. Ẹ tì í sẹ́yìn sí àyà, ẹ fún un, ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ má fa orí ọmú, ẹ má fi ìka wọ́ awọ ara. Nígbà tí kò bá jáde mọ́ níbẹ̀, ẹ sún ìka yí ọmú po, lẹ́yìn náà kí ẹ bọ́ sí èkejì.

Ọjọ́ kìíní, ẹ̀kán mẹ́ta péré ni mo rí. Mo sunkún. Nọ́ọ̀sì fi sírínjì kékeré fa gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń ṣa wúrà, ó fi kan ẹnu àwọn méjèèjì. Ọmú àkọ́kọ́ tó pọ́n yẹn, tí àwọn àgbà wa kan máa ń fún dànù pé ó dọ̀tí, ohun tó ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ àìsàn ló kún inú rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ náà sì ni ikùn wọn lè gbà.

Ẹ máa fún un tó ìgbà mẹ́jọ, kódà mẹ́wàá, láàárín òru àti ọ̀sán. Ẹ má fi ti òru sílẹ̀. Ẹni tó bá sùn mọ́jú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ọmú rẹ̀ máa ń tètè gbẹ. Wàrà tí kò bá dé ọ̀dọ̀ ọmọ lójú ẹsẹ̀, wákàtí mẹ́rin ni wọ́n sábà ń fún un nínú yàrá tútù, ṣùgbọ́n ta ló rí yàrá tútù ní Lọ́kọ́ja nínú oṣù kẹta? Ẹ gbé e fún nọ́ọ̀sì bó ti ń gbóná lọ, tàbí kí ẹ fi í sínú kúlà oníyìnyín, kí ẹ kọ orúkọ, ọjọ́ àti wákàtí sí i lára. Bí ọmú bá kọ̀ láti jáde, ẹ gbé ọ̀kan nínú wọn sáyà fún bíi wákàtí kan kí ẹ tó tún gbìyànjú. Ní tèmi, òórùn fìlà Kẹ́hìndé nìkan ti tó.

Ìyá náà gbọ́dọ̀ jẹun. Ẹja tútù pọ̀ ní Lọ́kọ́ja, ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín wà, ẹ̀kọ gbígbóná wà. Àwọn ará ilé tó ń béèrè ohun tí wọ́n lè ṣe, ẹ ní kí wọ́n máa gbé oúnjẹ wá. Ó wúlò ju kí wọ́n dúró lójú fèrèsé máa mi orí lọ.

Nígbà tí wọ́n bá tó fà, wọ́n á kọ́ yín bí ẹ ṣe máa fi ife kékeré fún wọn àti bí ẹ ṣe máa gbé wọn sí ọmú. Fídà kò yá wá lára níbẹ̀, ìdọ̀tí a máa wà ní kọ̀rọ̀ rẹ̀.

4. Àyà yín ni ìńkúbétọ̀ kejì

A mọ̀ọ́ pọ̀n ní ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ti àwọn wọ̀nyí, iwájú ni. Ní ìlú Bogotá ní Kòlóńbíà ni àwọn dókítà ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970, nígbà tí ìńkúbétọ̀ kò kárí àwọn ọmọ. Wọ́n fi ìyá rọ́pò ẹ̀rọ, bí ẹranko kangaroo ṣe ń gbé ọmọ rẹ̀ sí àpò ikùn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ní kí ọmọ kọ́kọ́ fara rọ kí wọ́n tó gbé e sáyà. Ìwádìí tó jáde ní 2021, tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, tí Ilé-Ifẹ̀ sì jẹ́ ibi tí wọ́n ti ṣe é ní Nàìjíríà, fi hàn pé ọmọ tó wọn kìlógíráàmù 1 sí 1.8 tí wọ́n gbé sáyà lẹ́yìn ìbí lójú ẹsẹ̀ yè ju èyí tí wọ́n ní kó dúró: ikú dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kó máa bẹ̀rẹ̀ láìdúró, wákàtí 8 sí 24 lójúmọ́. Bí ẹnikẹ́ni ní wọ́ọ̀dù bá sọ fún yín pé ó dìgbà tí wọ́n bá kúrò nínú àpótí, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi dókítà àgbà, ẹ má jà.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ wẹ̀, ẹ má fi lọ́fínńdà sára. Ẹ jókòó sórí àga tó lè fẹ̀yìn tì. Ọmọ wọ fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti páńpásì, kò wọ nǹkan mìíràn. Nọ́ọ̀sì ló máa gbé e pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́. Ó máa wà ní òòró láàárín ọmú méjèèjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ká bí ti ọ̀pọ̀lọ́, orí rẹ̀ yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, àgbọ̀n rẹ̀ gbé sókè díẹ̀ kí ọ̀fun má baà pa dé. Ẹ wá fi ọ̀já dì í, kí etí ọ̀já dé ìsàlẹ̀ etí rẹ̀, kó le tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní yọ̀ bí ẹ bá dìde, síbẹ̀ kí ikùn rẹ̀ ráyè mí. Wákàtí kan ló kéré jù lẹ́ẹ̀kan, torí gbígbé e wọlé jáde ń tán an lókun. Ẹ lè fi rọ́bà bọ́ ọ níbẹ̀. Ẹ lè sùn pẹ̀lú, bí ẹ bá fẹ̀yìn lé ìrọ̀rí gíga, kí ẹnì kan tó jí sì wà nítòsí. Ẹ má sùn gbalaja.

Ìbejì ńkọ́? Méjèèjì lè wà lórí àyà kan bí wọ́n bá kéré, ẹnì kan lápá ọ̀tún, ẹnì kan lápá òsì, ṣùgbọ́n ó gba olùrànlọ́wọ́. Èyí tó rọ̀ wá lọ́rùn ni pé kí n gbé ọ̀kan, kí ọkọ mi gbé èkejì, kí a sì pààrọ̀ lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ kìíní ojú tì í. Ó ní ọkùnrin Owé ti Kàbà kì í bọ́ṣọ láàárín àwọn obìnrin. Ọjọ́ kẹta, òun ló ń jí mi pé ó ti yí kan òun. Mo fẹ́ sọ eléyìí ketekete fún ẹ̀yin bàbá, torí iṣẹ́ abẹ lè jẹ́ kí ìyá má lè jókòó fún ọjọ́ méjì: àyà yín gbóná tó ti ìyá. Ìyá àgbà náà lè ṣe é.

5. Ọwọ́, àlejò, àti orúkọ

Ẹ bọ́ òrùka àti aago, ẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá pẹ̀lú ọṣẹ, kí ẹ tún fọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ kan fóònù àti láàárín ọmọ kan sí èkejì. Ẹni tó ń wúkọ́ kò gbọ́dọ̀ wọlé, ì báà jẹ́ olórí ìjọ.

Orúkọ Táyé àti Kẹ́hìndé ti bá wọn wáyé, ẹ̀yin ni kí ẹ máa fi pè wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Ìyókù, bàbá ọkọ mi sọ wọ́n lórí fóònù lọ́jọ́ kẹjọ, mo fi fóònù sí ìta gíláàsì. Oyin àti iyọ̀ dúró nílé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbọ́dọ̀ kan ẹnu ọmọ.

6. Ìwọ̀n àti ibà pọ́njú

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, wọ́n máa fọn. Kí ọmọ pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n rẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó gbà á padà. Lẹ́yìn náà, nǹkan bíi gíráàmù 15 lórí kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń retí lójúmọ́, ìyẹn gíráàmù 18 fún ọmọ tó wọn 1.2. Ẹ má fi Táyé wé Kẹ́hìndé. Ọ̀kan á sanra, èkejì á dúró sójú kan, ìgbà mìíràn á yí padà.

Awọ wọn lè pọ́n, ìyẹn ni ibà pọ́njú. Iná búlúù ni ìtọ́jú rẹ̀, kì í ṣe oòrùn àárọ̀, kì í ṣe omi gúlúkóòsì, kì í ṣe àgbo. Ohun kan tí mi ò ní dákẹ́ lé lórí ni káńfò, hóró funfun róbótó tí a máa ń tò sáàárín aṣọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ní ilẹ̀ wa ló ní àìtó èròjà G6PD nínú ẹ̀jẹ̀ wọn láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Òórùn káńfò lára aṣọ lè tú ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí ibà pọ́njú náà sì gòkè dé ọpọlọ. Aṣọ ìkókó tí ẹ̀gbọ́n yín fún yín láti inú àpótí, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, ẹ tún fọ̀ ọ́. Bí òórùn rẹ̀ bá ṣì wà, ẹ fi í sílẹ̀.

7. Owó

Ó máa ná yín. Ẹni tí oyún rẹ̀ ṣì kéré, ẹ lọ béèrè ètò ìbánigbófò ìlera ìpínlẹ̀ Kogí báyìí. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì sínú ike kan. Nílé ìwòsàn ńlá, òṣìṣẹ́ kan wà tó ń rí sí àwọn tí owó tán lọ́wọ́ wọn. Ẹ lọ bá a kó tó di pé owó tán pátá. Kí ará ilé méjì múra láti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

8. Bí ọ̀kan bá ṣáájú èkejì lọ sílé

Táyé ló kọ́kọ́ tó lọ, ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú. Ẹ bi wọ́n bóyá ó lè dúró pẹ̀lú ìyá nínú yàrá àwọn tó ń gbé ọmọ sáyà. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ wá ilé tó súnmọ́ ilé ìwòsàn, ẹ má padà sí Kàbà. Mo rí ìyá kan tó ń lọ tó ń bọ̀ láti Mọ̀pà, ọ̀sẹ̀ kan péré ni wàrà rẹ̀ fi dín sí ìdajì. Ẹ pín òru: bàbá lọ́dọ̀ ọ̀kan, ìyá lọ́dọ̀ èkejì.

Ìgbà yìí náà ni èkejì lè padà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ lọ jókòó pẹ̀lú dókítà, tọkọtaya pọ̀, kí ẹ béèrè gbangba: kí lẹ ń retí ní ọjọ́ mẹ́ta tó ń bọ̀, kí lẹ ń bẹ̀rù? Ìdáhùn tó burú sàn ju àròsọ ọ̀nà àbáwọlé lọ.

9. Kí ẹ tó fi ibẹ̀ sílẹ̀, àti nílé

Ọmọ tó lè lọ sílé ni èyí tó ń gbóná fúnra rẹ̀, tó ń fa ọmú tàbí mu ún nínú ife dáadáa, tó ń wúwo lójoojúmọ́, tí mímí rẹ̀ kò sì dá mọ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Kí wọ́n kọ nǹkan wọ̀nyí fún yín: oògùn irin àti fítámì, iye ẹ̀kán rẹ̀, ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí a ń fi ọjọ́ ìbí kà bíi ti ọmọ yòókù, ọjọ́ àyẹ̀wò etí, àti ọjọ́ àyẹ̀wò ojú. Ti ojú yẹn, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ìbí ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún ọmọ tó tètè dé gan-an. Bí wọn kò bá dárúkọ rẹ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ dárúkọ rẹ̀. Ojú tó ń bàjẹ́ kò ní hàn sí yín.

Nílé, gbígbé sáyà ń bá a lọ títí ọmọ fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í jà láti jáde. Ọyẹ́ ní òkè Kàbà kò mọ̀ pé ọmọ kò pé oṣù. Ọmú nìkan ni oúnjẹ, kò sí omi. Ìyá ọkọ mi ti se àgbo sílẹ̀ kí a tó dé, ìfẹ́ ló fi sè é. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èmi mu ẹ̀kọ yín, kí Kẹ́hìndé mu tèmi." Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ tẹ́ wọn sùn lórí ẹ̀yìn wọn, nínú nẹ́ẹ̀tì, kí èéfín igi má wọ yàrá. Bí ẹnikẹ́ni bá ní wọn kò tíì jókòó bí ẹgbẹ́ wọn, ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n bí wọn ni kí ẹ máa fi ka oṣù wọn.

Ẹ kọ àwọn wọ̀nyí sórí bébà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kí nọ́ńbà wọ́ọ̀dù àti ti awakọ̀ kan tó máa gbé fóònù lóru wà lókè rẹ̀: ọmọ kọ̀ láti jẹun, ara rẹ̀ tutù tí àyà yín kò mú un gbóná, tàbí ó gbóná kọjá ìwọ̀n òṣùwọ̀n 37.5, ó ń mí ju ìgbà 60 lọ ní ìṣẹ́jú kan, tàbí àyà rẹ̀ ń wọnú, mímí rẹ̀ dá, ètè rẹ̀ dúdú, gìrì mú un, ikùn rẹ̀ wú tó sì ń bì àwọ̀ ewé, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ti tó láti gbéra, kí ẹ sì gbé àwọn méjèèjì lọ pọ̀.